Ìkòkò Tí Kò Gba Ẹja

Ní agboolé Adéyọ̀sí, bí omi bá gbé ọmọ ilé lọ tí wọn kò rí òkú rẹ̀, ohun tó bá ti inú omi jáde kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò ọbẹ̀ mọ́: ẹja, edé, akàn, ohun yòówù kó jẹ́. Wọn kò sì gbọdọ̀ pa ẹran, nítorí ẹran pípa jẹ́ ti ìnáwó òkú. Apẹja ni gbogbo wọn. Wọn yóò pa ẹja, wọn yóò yan án, wọn yóò tà á, wọn kò ní tọ́ ọ wò. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè parí rẹ̀, ìyẹn ìyá ẹni tó wà nínú omi. Ọjọ́ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ẹja sí ìkòkò ni ọmọ rẹ̀ kú. Títí di ọjọ́ náà, ohun tí wọ́n ń wí ni pé ọmọ náà kò tíì dé. Wọn kì í gbàdúrà òkú fún un, ìyàwó rẹ̀ kì í sì í ṣe opó.

Matthias, ọmọ Susannah, ló wà nínú omi.

Ó lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní ìgbà òjò, ní ọdún tí Ọbabìnrin Òyìnbó wá sí Èkó, láti ta ẹja yíyan kí ó sì ra òwú àwọ̀n. Bí wọ́n ti ń bọ̀, ìjì bá ọkọ̀ wọn lójú ọ̀sà, kò jìnnà sí Ìjẹ̀dé. Àwọn mẹ́ta ló wà nínú ọkọ̀ náà. Ọ̀sà dá òkú àwọn méjì padà. Wọ́n wá Matthias títí àwọn tó ń wá a fi padà sídìí àwọ̀n wọn.

Wùnmí, ìyàwó rẹ̀, kì í ṣe ọmọ apẹja. Àdúgbò Lásùnwọ̀n ní Ìkòròdú ni wọ́n ti bí i. Ará Ìsẹ́yìn ni ìyá rẹ̀, tó wá ta aṣọ òfì ní Ìkòròdú tí kò sì padà sílé mọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá yìí ló ti kọ́ gbẹ̀gìrì. Nígbà tí ó kọ́kọ́ sè é ní abúlé àwọn apẹja lẹ́yìn Ìbẹ̀ṣẹ̀, Susannah ṣí ìdérí, ó sì wo inú ìkòkò títí.

“Ẹ̀wà nìyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Gbẹ̀gìrì ni.”

“Ẹja rẹ̀ dà?”

“Ó ṣe é jẹ láìsí ẹja, Ìyá.”

“Ọbẹ̀ tí kò lẹ́ja, tí kò lẹ́ran.” Susannah yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Matthias, ṣé ìyàwó lo gbé wálé fún wa ni, àbí ààwẹ̀?”

Matthias rẹ́rìn-ín. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí wọ́n tún bu sí i. Ìyá rẹ̀ se ọbẹ̀ ẹja tirẹ̀ lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe é títí tí ó fi lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Lẹ́yìn ìjì náà, àwọn obìnrin agboolé kò mọ ohun tí wọn yóò sè. Kò sí ọbẹ̀ kan lọ́wọ́ wọn tí kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹja. Wọ́n se ẹ̀fọ́ láìsí ẹja, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ tán. Wùnmí nìkan ló mọ ọbẹ̀ tí kò wá ẹja. Báyìí ni ààrò ṣe di tirẹ̀.

Kò pẹ́ tí ó fi mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀wà bá sú Susannah, yóò fi ẹja sí ìkòkò, Matthias yóò sì kú. Bí kò bá sú u, Matthias kàn kò tíì dé ni. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń sè é kí ó dùn. Ó ń ra irú tó dára jù lọ́jà. Ó ń sẹ́ ẹ̀wà náà lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè jọ̀lọ̀. Ó ń sè é kí ó ki, kí ẹni tó bá fi púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ wọn, gbé e má rò pé òun ń jẹ omi. Nígbà mìíràn yóò fi ẹ̀gúsí díẹ̀ sí i, nígbà mìíràn olú tí ó já lóko. Bí Susannah bá ti gbé òkèlè àkọ́kọ́, Wùnmí yóò máa wo ẹnu rẹ̀. Bí Susannah bá jẹ ẹ́ tán, ọjọ́ kan ti kọjá nìyẹn.

Òjò dáwọ́ dúró. Ọyẹ́ dé. Ẹsẹ̀ Susannah bẹ̀rẹ̀ sí wú, ikọ́ sì ń ṣe é ní òwúrọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Adéyọ̀sí wá kí i. Òun ni ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ Susannah, òun sì ni olórí agboolé. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Wùnmí wà nídìí ààrò lẹ́yìn ògiri, ó sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ.

“Ìyá Matthias, ṣé ẹ̀wà náà ni?”

“Òun náà ni, ọkọ mi. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó bu tiyín wá.”

“Rárá o. Ikùn mi ti di àpò ẹ̀wà. Bí mo bá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń dá olùkọ́ ìjọ lóhùn.”

“Kí ẹ máa jókòó sẹ́yìn.”

“Ẹ̀yìn ni mo wà. Àwọn tó wà níwájú ló ń bojú wẹ̀yìn.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

“Kì í ṣe ẹ̀rín ni mo bá wá,” ni Adéyọ̀sí wí. “Orí omi ni wọ́n bí èmi àti ìwọ sí. Ẹnì kankan kì í pẹ́ tó báyìí nínú ọ̀sà kí ó tún wá sílé. Ọmọ mi ni Matthias náà. A kò kọ orin kan lórí rẹ̀. Olùkọ́ ìjọ ń bi mí, n kò mọ ohun tí mo lè wí.”

“Ẹ ní kò tíì dé.”

“Mo ti wí bẹ́ẹ̀ títí ó fi ń tì mí lójú.” Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ọmọbìnrin yìí ńkọ́? Kò bí ọmọ kankan fún wa. Kò lè ṣọ̀fọ̀. Kò lè padà sí ilé ìyá rẹ̀. Kò lè lọ́kọ. Kí ni yóò máa jẹ́ láàárín wa?”

“Ọkọ mi, ẹja kò tíì wù mí jẹ.”

“Ta ló ń sọ̀rọ̀ ẹja?”

“Òun náà ni à ń sọ,” ni Susannah wí. “Ó kù sí mi lọ́wọ́. Ẹ má bá mi dì í mú.”

Kò sí àgbà, kò sí olùkọ́ ìjọ tó lè fi ipá mú un, Adéyọ̀sí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó lọ.

Lẹ́yìn ògiri, Wùnmí kúnlẹ̀ nídìí ààrò, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ní ọjọ́ kejì, Susannah fa àpótí rẹ̀ wá sídìí ààrò. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú síwájú.

“Kọ́ mi ní ọbẹ̀ yìí.”

“Ìyá, èmi yóò máa sè é fún yín.”

“Bí o bá wà lọ́jà ńkọ́? Kí n máa fi ebi dúró dè ọ́? Kọ́ mi.”

Wùnmí gbé ọpọ́n ẹ̀wà tó ti rẹ sómi wá. Ẹni tí ọbẹ̀ kan sú kì í ní kí wọ́n kọ́ òun bí a ti ń sè é. Bẹ́ẹ̀ ló rò.

“Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rà á, Ìyá. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ jù. Èèpo rẹ̀ yóò léfòó, ẹ ó dà á nù pẹ̀lú omi, ẹ ó tún bu omi mìíràn sí i.”

“Títí dìgbà wo?”

“Títí gbogbo rẹ̀ yóò fi funfun.”

Susannah rà á. Ìka rẹ̀ le nítorí òwú àwọ̀n. Ẹ̀wà ń là sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀, èèpo sì ń lọ pẹ̀lú omi. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo inú ọpọ́n.

“Ẹ̀yin ará òkè. Ta ló ń bọ́ aṣọ fún ẹ̀wà kí ó tó jẹ ẹ́? Bí mo bá họ ìpẹ́ ẹja, mo ti ṣe tán.”

“Ìyá, ó ṣì ku dúdú mẹ́ta nínú rẹ̀.”

“Mo rí wọn. Wọ́n lórí kunkun bíi tìrẹ.”

Wùnmí rẹ́rìn-ín. Kò tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà ìjì náà. Susannah gbójú sókè, ó wò ó, ó sì tún tẹ orí ba iṣẹ́ rẹ̀.

Wọ́n gbé ẹ̀wà kaná pẹ̀lú kán-ún tíntín àti àlùbọ́sà. Wùnmí fi hàn án bí a ti í bu ìfófò rẹ̀ dà nù, àti bí a ti í dúró títí ẹ̀wà yóò fi rọ̀ tí yóò sì máa fọ́ fúnra rẹ̀. Ó fi ìjábẹ̀ lé e lọ́wọ́. Susannah já ẹ̀wà náà títí kò fi sí hóró kankan nínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n dá a padà sórí iná. Ata lílọ̀ wọ̀ ọ́, irú wọ̀ ọ́, epo pupa wọ̀ ọ́, iyọ̀ ló kẹ́yìn.

“Iná kékeré ni, Ìyá. Bí iná bá pọ̀ yóò jóná nísàlẹ̀, òórùn jíjóná náà kì í kúrò níbẹ̀ mọ́.”

“Mo gbọ́.”

Nígbà tí ó jinná, Wùnmí bu ti Susannah, ó bu tirẹ̀. Ó wá mú abọ́ kẹta, ó bu ọbẹ̀ sí i, ó fi àwo dé e, ó sì gbé e sí ẹ̀bá ààrò níbi tí ooru wà.

Susannah wo abọ́ náà.

“Ti ta nìyẹn?”

“Tirẹ̀ ni, Ìyá. Gbígbóná ló fẹ́ràn rẹ̀.”

“Ojoojúmọ́ lo ń bù ú?”

“Ojoojúmọ́ ni. Èmi ni mo ń jẹ ẹ́ ní òwúrọ̀ kí ó má bàa ṣòfò. Mo máa ń sọ fún un kí n tó jẹ ẹ́.”

Susannah fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó jẹun, ó sì jẹ ẹ́ tán. Wùnmí rí i pé ó jẹ ẹ́ tán, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ẹ̀wà tán nílé, Wùnmí lọ sí ọjà Ìkòròdú. Ọ̀dọ̀ Mùlíkátù ló ti ń rà á, obìnrin sísanra kan tí kì í pa ẹnu mọ́. Mùlíkátù rí i lókèèrè, ó sì kígbe.

“Ìyàwó ẹlẹ́ja! Ó tún ti tán? Ṣé ẹ̀wà lẹ fẹ́ fi dí ọ̀sà ni?”

“Ẹ kú ọjà, Ìyá Àsíátù. Ẹ wọ̀n ọ́n kó kún o. Agolo yín ń kéré sí i.”

“Agolo mi kò kéré. Ikùn yín ló ń tóbi. Ìwọ gbọ́, ẹlòmíràn ń wá ẹja kiri, kò rí. Ìwọ tí o ń sùn lórí ẹja, ẹ̀wà lò ń rù lọ. Irú orí wo nìyí?” Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. “Èyí jẹ́ ti ọkọ rẹ. Ó dáa? Ó pẹ́ tí mo ti rí i.”

“Ó lọ sí Ẹ̀pẹ́. Kò tíì dé.”

“Ọlọ́hun á mú un bọ̀ láyọ̀.”

“Àmín, Ìyá.”

Nítorí àmín yìí ni Wùnmí ṣe ń wá sí Ìkòròdú. Àwọn tó ń ta ẹ̀wà wà ní ọjà Ìbẹ̀ṣẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Bí ó bá wí níbẹ̀ pé Matthias kò tíì dé, wọn yóò wo ilẹ̀. Mùlíkátù kò mọ̀. Lọ́dọ̀ Mùlíkátù, Matthias wà ní Ẹ̀pẹ́.

Ó dé abúlé nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀. Òórùn ẹja kì í ṣe tuntun níbẹ̀, nítorí náà kò fura. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Susannah jókòó sórí àpótí nídìí ààrò, ó ká ọwọ́ lé itan.

“Ẹ kúulé, Ìyá.”

“Káàbọ̀, ìyàwó. Mo ti se ọbẹ̀.”

“Ẹ̀yin nìkan? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yín?” Inú Wùnmí dùn. Ó kúnlẹ̀, ó ṣí ìkòkò. Ẹ̀wà náà jọ̀lọ̀, ó ki, kò jóná. Ẹja ẹpìyà yíyan wà nínú rẹ̀, ó lórí, ó nírù.

Ó dé ìkòkò padà. Ó tún ṣí i.

“Ìyá, ta ló wá síbí?”

“Kò sẹ́ni tó wá.”

“Ẹnì kan fi ẹja sínú ọbẹ̀ wa.”

“Èmi ni.”

“Ẹ gbàgbé ni.” Ohùn Wùnmí yá. “Ẹ gbàgbé, Ìyá. Ó pẹ́ tí ẹ ti ń fi ẹja se ọbẹ̀, ọwọ́ yín ló ṣe é fúnra rẹ̀. Àṣìṣe ni. A kì í ka àṣìṣe. Ẹ jẹ́ kí n dà á nù, kí n fọ ìkòkò. Mo ti ra ẹ̀wà mìíràn bọ̀.”

“N kò gbàgbé.”

“Ẹ sọ pé ẹ gbàgbé.”

“Wùnmí.” Susannah kì í pe orúkọ rẹ̀. “N kò gbàgbé. Mo yan án fúnra mi. Mo sì fi ọwọ́ mi fi í sí i.”

Wùnmí jókòó sórí ilẹ̀.

“Ẹ̀wà ti sú yín. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi? Mo mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sè é. N kò tíì se ẹ̀wà òtílì fún yín rí. Ìyá mi ń sè é. Ẹ bá ti sọ fún mi.”

“Kò sú mi.”

“Kí ló wá dé tí ẹ pa á?”

Susannah gba ọ̀rọ̀ náà, kò mira.

“Èmi ni mo bí i,” ni ó wí. “Wọn kò fún ẹlòmíràn ní iṣẹ́ náà ṣe.”

“Ẹ sọ fún Bàbá pé ẹja kò tíì wù yín jẹ. Mo gbọ́.”

“Kò wù mí. Títí di ìsinsìnyí, kò wù mí.” Ikọ́ mú un. Ó dúró kí ó lọ. “Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni mo ti mọ̀. Orí omi ni wọ́n bí mi sí. Ohun tí ọ̀sà kò bá dá padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò ní dá a padà mọ́. Mo fẹ́ fi ẹja sí ìkòkò nígbà náà kí n sunkún mi tán. Mo wo ojú rẹ, mo rí i pé o kò lè gbà á. Mo ní kí n fún ọ láyè díẹ̀. Ìwọ ni mo ń jẹ ẹ̀wà fún.”

Wùnmí wò ó. “Èmi rò pé èmi ni mo ń fi ọbẹ̀ dá yín dúró.”

“Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lo rò. Mo ń rí ọ bí o ti ń wo ẹnu mi.”

“Kí ẹ tún fún mi láyè sí i, Ìyá. Kí ọyẹ́ yìí tán.”

“N kò mọ èwo nínú èmi àti ọyẹ́ yìí ni yóò kọ́kọ́ lọ. Bí mo bá kú kí n tó fi ẹja sí ìkòkò, kò sẹ́ni tó lè fi í sí i mọ́ láyé. Nígbà tí mo wọ ilé yìí ní ìyàwó, mo bá arúgbó kan níbí. Ó máa ń bu abọ́ kan kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mo bi wọ́n léèrè pé ti ta ni. Wọ́n ní ti ọkọ rẹ̀ tí omi gbé lọ ni. Ìyá ọkọ náà ti kú kí ó tó fi ẹja sí ìkòkò. Nígbà tí arúgbó náà kú, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá bí opó ni kí wọ́n sin ín, tàbí bí abilékọ. Mo ti gbàgbé rẹ̀. Abọ́ rẹ ló rán mi létí.”

Wùnmí bo ojú rẹ̀. Kò sunkún. Susannah bu púpurú sínú abọ́ kan ṣoṣo, ó bu ọbẹ̀ lé e, ó sì gbé ẹja náà sórí rẹ̀. Ìyá ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ó já díẹ̀ lára ẹja, ó fi sẹ́nu. Ó pẹ́ kí ó tó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí yọ egungun kúrò lára èyí tó kù, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka wá àwọn kéékèèké tí ojú rẹ̀ kò rí mọ́. Nígbà tí ó dá a lójú pé kò sí egungun kankan nínú rẹ̀, ó fi òkèlè gbé e, ó sì nà án sí Wùnmí.

“Gbà.”

“N kò lè jẹ ẹ́, Ìyá.”

“Mo mọ̀. Gbà.”

“Bí mo bá jẹ ẹ́, kí ni mo máa wí bí wọ́n bá bi mí pé ọkọ mi ńkọ́?”

“Wàá ní ó ti kú,” ni Susannah wí. “Èmi náà yóò wí bẹ́ẹ̀. A ó jọ máa wí i ni.”

Kò fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Wùnmí tẹ̀ síwájú, ó la ẹnu, ó gba òkèlè náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jẹ ẹ́. Ó gbé e mì.

Nígbà náà ni Susannah tó ké. Ó ké orúkọ ọmọ rẹ̀ lóhùn rara, lẹ́ẹ̀kan, ó tún un ké, Wùnmí sì gbè é. Létí omi, àwọn ọkùnrin tó ń tú àwọ̀n gbọ́ ọ, wọ́n sì dúró. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Adéyọ̀sí ṣí fìlà rẹ̀. Ó ní kí ẹnì kan lọ pe olùkọ́ ìjọ, òun fúnra rẹ̀ sì bọ́ sọ́nà ilé Susannah láti lọ jẹ nínú ọbẹ̀ náà.